Ẹ̀rọ Tó Gba Ọwọ́ Láyè

Ìlú Mandello del Lario wà létí adágún Como ní àríwá Ítálì. Òkè Grigna ló fẹ̀yìn tì, omi ló kọjú sí, ojú irin tó ti Milano gba Lecco wá sì la ìlú náà kọjá. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ níbẹ̀ kò ní rìn jìnnà kó tó dé ẹnu géètì pupa Moto Guzzi. Láti 1921 ni wọ́n ti ń ṣe alùpùpù nílùú yìí. Carlo Guzzi àti Giorgio Parodi ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Idì tó na ìyẹ́ sára táǹkì jẹ́ ìrántí ọ̀rẹ́ wọn kẹta, Giovanni Ravelli, awakọ̀ òfuurufú tí jàm̀bá pa ní 1919 kí ilé iṣẹ́ náà tó dé ayé. Piaggio ló ni ín báyìí, àwọn kan náà tó ń ṣe Vespa tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ilẹ̀ wa ń gùn kí Honda àti Suzuki tó gba ìgboro.

Kì í ṣe ẹnu géètì yẹn ni mo ń lọ. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ìgboro, níbi tí bàbá mẹkáníìkì kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ti ń tún àwọn alùpùpù tí ilé iṣẹ́ ńlá náà ti dẹ́kun ṣíṣe wọn ṣe. Èyí tó wà lórí pèpéle irin lọ́jọ́ náà ni 850 T3, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1975. Inú abà kan lóko ló dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin olùkọ́ kan ló rà á. Ó fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ni, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣẹ̀ṣọ́ sí pálọ̀. Òun náà wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ká apá rẹ̀ sókè, nítorí àdéhùn tó bá bàbá ṣe ni pé òun yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo bi bàbá pé kí ló dé tí irú alùpùpù yìí ṣì fi ń rìn lójú títì, nígbà tí púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di àlòkù irin. Kò dárúkọ agbára, kò dárúkọ ẹwà. Ó kàn ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ààrin táǹkì àti ẹ́ńjìnnì, ó gbé e gba ẹ̀yìn kàbúrétọ̀ jáde, kò sì ha á níbì kankan. "Ó gba ọwọ́," ló wí. Ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ náà wò nìyẹn: ibi tí ẹ̀rọ yìí ti gba ọwọ́ láyè, àti àwọn ibi díẹ̀ tí kò ti gbà á.

Bí wọ́n ṣe tò ó

Ẹni tí kò bá rí Moto Guzzi rí, sìlíńdà méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀. Ọ̀kan yọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan yọ sósì, bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó fọwọ́ lé ìbàdí. Giulio Cesare Carcano ló ya ẹ́ńjìnnì náà fún V7, tó dé ọjà ní 1967 pẹ̀lú 703 cc. Iṣẹ́ ọlọ́pàá wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é: ẹ̀rọ tó máa rin ọ̀nà jíjìn, tí kò ní máa gbé olówó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lójoojúmọ́. Ọlọ́pàá Los Angeles náà rà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ California tí wọ́n ń fún àwọn kan nínú ìran yìí ti wá. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára, kò ní rédíétọ̀, kò lo omi. Ṣáàfù ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe ṣéènì.

Lino Tonti ló tún un tò lẹ́yìn náà. Lára V7 àkọ́kọ́, orí ẹ́ńjìnnì, láàrin sìlíńdà méjèèjì, ni ẹ̀rọ tó ń ṣe iná jókòó sí, ìdí nìyẹn tí táǹkì rẹ̀ fi ga. Nígbà tí Tonti ń ṣe V7 Sport, tó jáde ní 1971, ó mú ìyẹn kúrò, ó fi álítánétọ̀ sí imú kíránkì níwájú, ó wá ta irin férémù gbọọrọ mọ́ ẹ́ńjìnnì lára. Irin méjì tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, bóòtì ló fi dè wọ́n, kò jó wọn pọ̀ mọ́ ìyókù. Kí òǹkàwé fi irin méjì yìí sọ́kàn, iṣẹ́ wọn ń bọ̀ níwájú. T3 tí mo ń wò jogún gbogbo èyí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ 844 cc.

Sìlíńdà tó wà lórí tábìlì

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí n tó dé. Sìlíńdà méjèèjì tó bá alùpùpù náà wá ti wà lórí tábìlì, tuntun sì ti wà lára ẹ́ńjìnnì. Bàbá gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi èékánná fa inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ń dán gbinrin, kò sí ohun tó kọ́ mi lọ́wọ́ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Níbẹ̀ ni èékánná mi ti há. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé: kíróòmù ló ti ń ṣí kúrò lára irin, ibi tó ṣí náà kò sì tóbi ju orí ìṣáná lọ.

Álúmínọ́ọ̀mù ni sìlíńdà ìgbà náà, kíróòmù líle ni wọ́n fi bo inú wọn. Bí alùpùpù bá ń rìn déédéé, kíróòmù yìí kì í tètè jẹ. Ìdúró ló ń bà á jẹ́. Ọ̀rinrin á wọ abẹ́ rẹ̀, á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá tún jí, eérún rẹ̀ á bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á sì gbé e lọ bá béárìn àti ríìngì písítìn. Nítorí náà, kìlómítà kékeré tí àwọn tó ń tajà fi ń yangàn lè jẹ́ ìkìlọ̀. Alùpùpù tó rin ọ̀nà jíjìn lọ́dọọdún lè sàn fún ẹ ju èyí tó fi ogún ọdún sùn lọ.

Nígbà tó di nǹkan bí 1980, ilé iṣẹ́ náà fi kíróòmù sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí Nigusil, àdàlù níkẹ́ẹ̀lì àti sílíkọ́nù tí kì í ṣí bẹ́ẹ̀. Irú ìbora yẹn ló wà nínú tuntun tí wọ́n fi sí T3 yìí. Kò sì pọn dandan kí wọ́n wá a lọ sókèèrè, nítorí Gilardoni, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìlíńdà, wà ní Mandello yìí kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kò gbọdọ̀ gbójú fo lẹ́tà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: A, B tàbí C. Bí wọ́n ṣe fẹ̀ sí ni lẹ́tà náà ń sọ, èyí tó bá wà lára sìlíńdà ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí písítìn tí yóò wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ ọ́ìlì, tàbí kó gan pa.

Mo bi obìnrin náà bóyá wọ́n ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ nǹkan tó jinlẹ̀ tó báyìí. Ó mi orí. Wọ́n tú orí sìlíńdà, wọ́n fa sìlíńdà síta gbọọrọ, písítìn hàn. Ẹ́ńjìnnì kò kúrò lójú rẹ̀.

Fílítà tó sá pamọ́

Níwọ̀n bí eérún kíróòmù ti wọnú ọ́ìlì, ó di dandan kí wọ́n tú ọpọ́n ọ́ìlì lábẹ́. Ibi àkọ́kọ́ tí ọwọ́ kò ti ráyè nìyí. T3 ló kọ́kọ́ gba fílítà ọ́ìlì gidi nínú ìran yìí, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní ju asẹ́ wáyà lọ. Oore ńlá ni, àmọ́ inú ọpọ́n náà gan-an ni wọ́n fi fílítà sí. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fa ọ́ìlì dànù, kó tú bóòtì tó yí ọpọ́n ká, kó sọ ọpọ́n kalẹ̀, kó ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kó fi tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni alùpùpù ti rí iṣẹ́ yìí, wọ́n ní á di ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ mìíràn náà kò sì dé.

Obìnrin náà ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ pèpéle. Nígbà tí ọpọ́n bọ́ sílẹ̀, ó fi aṣọ funfun nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó na aṣọ náà sí iná. Eérún wẹ́wẹ́ ń dán lórí rẹ̀. Bàbá wo asẹ́, ó fọ ọ́ nínú kẹrosíìnì, ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó wá fi ọwọ́ lásán dè fílítà tuntun, ó fi kílíìpù irin irú èyí tí wọ́n fi ń dè rọ́bà omi yí i ká, ó sì fún un pinpin. Ó ní òun ti rí fílítà tó tú ara rẹ̀ nínú ọpọ́n láìsí ẹni tó mọ̀. Bó bá tú, ọ́ìlì á máa jò padà sínú ọpọ́n kó tó dé ibi tó yẹ. Kílíìpù yìí kì í jẹ́ kó yí padà, àwọn tó ń gun Guzzi kárí ayé sì mọ ọgbọ́n náà. Àwọn kan tilẹ̀ ń ra ọpọ́n tí wọ́n lu ojú sí nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọrí kékeré kan ni wọ́n á ṣí tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ fílítà. Ibi tí Mandello kò ti fi àyè sílẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lu ihò sí i fúnra wọn.

Oríṣi ọ́ìlì mẹ́ta ni wọ́n dà lọ́jọ́ yẹn. Lítà mẹ́ta wọ ẹ́ńjìnnì. Lítà 0.75 ọ́ìlì gíá wọ gíábọ́ọ̀sì. Lítà 0.25 wọ àpótí gíá tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn, wọ́n sì ro molybdenum díẹ̀ mọ́ ọn nítorí eyín gíá ibẹ̀ ń fi agbára ra ara wọn. Ti ẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, kò tó ìgò ọtí kan, bẹ́ẹ̀ ni owó ńlá ló máa ń bá ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ já.

Tápẹ́ẹ̀tì

Ibi tí mo ti rí i kedere pé ẹni tó ya ẹ̀rọ yìí ro ti ẹni tí yóò tún un ṣe nìyí. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù òde òní, kí èèyàn tó rí fáàfù, á tú ṣíìtì, á tú táǹkì, á tú rọ́bà ìbora, á gbé rédíétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbí, bóòtì ọmọrí orí sìlíńdà nìkan ni. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí kékeré lápá òsì, ó fi álíǹkì tú ọmọrí, rọ́kà méjèèjì tó ń ti fáàfù hàn ketekete lẹ́bàá orúnkún rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, bàbá fọwọ́ kàn án kó tó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì kí ó lè rọrùn láti yí. Lápá ọ̀tún, nídìí gíábọ́ọ̀sì, rọ́bà roboto kan dí ihò kan. Bàbá yọ ọ́, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i: etí fíláìwíìlì ló wà nínú. Ó wá ń fi sípánà yí kíránkì láti imú rẹ̀ níwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí lẹ́tà S fi yọ sójú ihò. S ni sinistra lédè Ítálì, apá òsì; D ni destra, apá ọ̀tún. Àmọ́ S nìkan kò tó, nítorí ó ń yọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ́ńjìnnì tó parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà fi ìka mi rọ́kà méjèèjì wò: wọ́n ń mì díẹ̀. Ìyẹn ló fi hàn pé fáàfù méjèèjì ti pa dé, tí písítìn sì wà lókè.

Ó mú fíláà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Ìwọ̀n T3 jẹ́ 0.22 mm, fún fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń lé èéfín jáde. Ó tú nọ́ọ̀tì ìdè, ó yí sikirù, ó ki fíláà bọ àárín, ó fà á. Ó yọ wẹ́rẹ́. Ó dè é díẹ̀ sí i. Báyìí ó ń há díẹ̀, ó ń yọ́ jáde bí wọ́n bá fà á, kò dúró, kò sì sáré. Ó di nọ́ọ̀tì mú, ó tún wọ̀n ọ́n, ó rí i pé àlàfo ti yí padà, nítorí nọ́ọ̀tì máa ń fa sikirù tẹ̀ lé e. Ó tú u, ó tún un ṣe. Bàbá dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, kò sì gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ló wá ṣàlàyé fún mi. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo yìí, tó bá fẹ̀ jù, ariwo ló máa ń pa. Èyí tó bá fún jù kì í pariwo rárá, òun gan-an ló sì léwu, nítorí fáàfù kò ní pa dé tán, iná á máa gba etí rẹ̀ jáde, á jó o. Ẹni tó bá ń wá ẹ́ńjìnnì Guzzi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ń fi owó ara rẹ̀ ṣeré. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, wọ́n á tún ṣí i, nítorí orí sìlíńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè máa ń jókòó, wọ́n á tún bóòtì rẹ̀ dè ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á sì tún tápẹ́ẹ̀tì wọ̀n.

Iná àti epo

Kọ́ńtáàkì méjì ló wà nínú dísíríbútọ̀, ọ̀kan fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Àlàfo wọn jẹ́ nǹkan bí 0.4 mm. Bàbá so gílóòbù kékeré mọ́ wáyà kọ́ńtáàkì, ó tún ń yí kíránkì, ojú rẹ̀ wà nínú ihò rọ́bà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí gílóòbù bá ti tàn ni kọ́ńtáàkì ti ń ṣí, ibẹ̀ náà ni púlọ́ọ̀gì yóò ti sáná. Ó ní láti bá àmì fíláìwíìlì mu. Ó ṣe ti ọ̀tún, ó ṣe ti òsì, nítorí bí ọ̀kan bá pẹ́ ju èkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n jìgìjìgì, èèyàn á sì máa bú kàbúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀ é. Àwọn kan ti yọ kọ́ńtáàkì kúrò, wọ́n fi iná ẹ̀lẹ́kítíróníìkì rọ́pò rẹ̀. Bàbá kò bá wọn jà. Ó kàn sọ pé èyí tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà nínú tòun, òun á fi bébà ìha tún un ṣe.

Kàbúrétọ̀ Dell'Orto méjì ló ń fún un lépo, ti ọ̀tún ní D lára, ti òsì ní S. Epo tó ti pẹ́ nínú wọn ti di gọ́ọ̀mù aláwọ̀ wúrà. Wọ́n tú wọn, wọ́n rẹ wọ́n sínú oògùn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ́ gbogbo ojú ihò. Wọn kò ki wáyà bọ̀ ọ́, nítorí jẹ́ẹ̀tì ihò kékeré tí wáyà bá fẹ̀ kò ní wọn epo bó ṣe yẹ mọ́. Rọ́bà tó so kàbúrétọ̀ mọ́ orí sìlíńdà náà ti sán. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú sísán wọlé máa ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná kọjá ààlà, kò sì ní jẹ́ kí ìdúró rẹ̀ wà lójú kan. Wọ́n fi tuntun sí i.

Wáyà iná ni mo rò pé yóò gba àkókò jù lọ, nítorí orúkọ tí alùpùpù Ítálì àtijọ́ ní nípa iná kò dára. Àmọ́ Bosch ti Jámánì ló ṣe álítánétọ̀ T3, ìdí àìsàn rẹ̀ sì sábà máa ń rọrùn. Orí fíúùsì ti dípẹtà, wọ́n ha á. Wọ́n tú wáyà áàtì kúrò lára férémù, wọ́n ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin fi funfun, wọ́n dè é padà. Nǹkan kan wà tí mi ò gbọ́ rí: gílóòbù pupa kékeré ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń sọ pé bátìrì kò gba iná, kì í ṣe àmì lásán. Inú rẹ̀ ni iná tó ń jí álítánétọ̀ ti ń kọjá. Bí gílóòbù yẹn bá jó, álítánétọ̀ tó lè ṣiṣẹ́ lè má jí rárá, bátìrì á kú, èèyàn á sì ra álítánétọ̀ tuntun nígbà tó jẹ́ pé gílóòbù olówó pọ́ọ́kú ló ń fẹ́.

Bíréèkì tó so pọ̀

Bíréèkì T3 yàtọ̀ sí ti alùpùpù tí a mọ̀. Dísìkì méjì ló wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ló ń mú ti ẹ̀yìn àti ti iwájú lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ló ń mú ti iwájú lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ nìkan tẹ̀ ẹ́, alùpùpù náà á jókòó jẹ́jẹ́, imú rẹ̀ kò ní rì púpọ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà láti ẹsẹ̀ dé iwájú gùn, afẹ́fẹ́ sì máa ń sá pamọ́ sí ibi tó ga jù nínú páìpù náà. Wọ́n fún un, wọ́n tún un fún, bàbá ń fi ẹ̀yìn sikirudiráfà gbá páìpù kó lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gòkè. Ọ́ìlì tó kọ́kọ́ jáde dúdú. Irú ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì, yálà alùpùpù rìn tàbí kò rìn. Wọ́n ju páìpù rọ́bà àtijọ́ náà nù, nítorí inú rọ́bà máa ń wú láì jẹ́ pé ìta rẹ̀ fi hàn. Táyà náà lọ. Nọ́ńbà ọjọ́ tí wọ́n ṣe é jẹ́ mẹ́ta lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti 2000 ni wọ́n ti ń tẹ mẹ́rin. Kò sí ìdí láti wo eyín rẹ̀.

Àárín ẹ̀rọ

Ohun méjì ló kù tó jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Èkíní ni oríkèé ṣáàfù, níbi tí gíábọ́ọ̀sì ti fà á lé táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́. Béárìn kan ló gbé e dúró nínú irin apá ẹ̀yìn, rọ́bà ló bò ó. Bí béárìn yìí bá ti ń lọ, èèyàn á máa gbọ́ ìró hùn-ún-hùn-ún lábẹ́ ẹsẹ̀, tó ń le sí i bí ìrìn ṣe ń yára sí i. Ẹni tó bá kọtí ikún sí i lè ba gíábọ́ọ̀sì jẹ́. Wọ́n yọ táyà ẹ̀yìn, wọ́n tú àpótí gíá ìdí rẹ̀, wọ́n fa ṣáàfù jáde, bàbá ki ìka méjì wọlé, ó pa ojú dé, ó ń yí béárìn náà. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó ní kí obìnrin náà fi ìka tirẹ̀ yí i. Ó yí i, ó ní òun ń gbọ́ iyanrìn. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì ni kílọ́ọ̀ṣì, tó jókòó sínú fíláìwíìlì láàrin ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ ẹ. Bí síìlì ẹ̀yìn kíránkì bá ń jò, ọ́ìlì á kán sí i, á máa yọ̀. Lára T3 yìí, ọ́ìlì ti ń sun lábẹ́ ibẹ̀, wọn kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbí ni mo ti rò pé iṣẹ́ yóò di rẹ́kẹrẹ̀kẹ.

Níbí náà ni irin méjì ti Tonti wá wúlò. Bàbá fi jáàkì àti ìtì igi gbé ẹ́ńjìnnì dúró láti abẹ́. Ó tú bóòtì irin ìsàlẹ̀ lápá kìíní-kejì, ó yọ wọ́n kúrò, ó tú wáyà àti kébù, ó tú bóòtì tó de férémù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Òun di iwájú mú, obìnrin náà di ẹ̀yìn mú, wọ́n gbé férémù àti táyà iwájú kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ ní ìhòòhò, a lè yí wọn ká. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, èèyàn a máa jà láti fa ẹ́ńjìnnì jáde láàrin irin. Níbí, irin náà ni wọ́n gbé kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ya gíábọ́ọ̀sì sọ́tọ̀, wọ́n tú kílọ́ọ̀ṣì, síìlì tó le gan-an bí irin jáde, tuntun wọlé.

Ìdájọ́

Nígbà tí wọ́n tò ó padà, bàbá kò jẹ́ kí wọ́n fi iná jí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fi sítátà yí i títí gílóòbù ọ́ìlì fi kú. Wọ́n wá dá púlọ́ọ̀gì padà, ó fọhùn. Obìnrin náà tẹ epo díẹ̀, gbogbo alùpùpù náà sì fì sí apá ọ̀tún, nítorí gbọọrọ ni kíránkì rẹ̀ dùbúlẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, bó bá sì yára yí, ara ẹ̀rọ á gbà á sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe àìsàn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Bàbá so gééjì afẹ́fẹ́ mọ́ orí sìlíńdà méjèèjì, ó ń yí sikirù kébù títí abẹ́rẹ́ méjèèjì fi dúró lójú kan náà. Ó wọn iná bátìrì: nǹkan bí 14 volt nígbà tí ẹ́ńjìnnì yára díẹ̀. Ó tó.

Ìwé ìtọ́ni tó bá T3 wá sọ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní gbogbo 3,000 kìlómítà. Nínú ohun tó wà nínú ìwé náà, púpọ̀ ni obìnrin olùkọ́ yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níṣojú mi, òun àti bàbá sì jọ ṣe ìyókù. Kò pe ara rẹ̀ ní mẹkáníìkì. Ẹ̀rọ náà ni kò lé e sẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ kò nílò kó máa wá èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán jù. Kó wá èyí tó ń rìn. Kó bi olùtà pé ìgbà wo ni ó pààrọ̀ fílítà inú ọpọ́n kẹ́yìn, kó sì wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Kó béèrè bóyá kíróòmù ló wà nínú sìlíńdà tàbí Nigusil. Kó gùn ún, kó tẹ́tí sí ìró abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó wá fi owó tó tó ìdá mẹ́ta iye tó rà á pamọ́ fún ọdún àkọ́kọ́, nítorí ìdúró ti jẹ ohun tí ojú kò rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ra fíláà, álíǹkì àti àpótí kékeré tí yóò máa jókòó lé. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, ọwọ́ rẹ̀ á dé ibẹ̀.